Ẹ má tíì dìde: àṣìṣe àwọn tó ń ti Àbújá lọ kọ́ bí a ṣe ń gun ìgbì òkun

Ìgbì òkun ò sí ní Àbújá. Adágún Jabi tó wà nítòsí, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Atẹ́gùn a kàn máa rọra họ ojú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi pátákó gun ìgbì (surfing) á forí lé Èkó, á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun Tarkwa Bay, torí mọ́tò ò débẹ̀. Kó tó gbéra, á ti fi oṣù kan gbáko wo fídíò, á máa fò dìde lórí rọ́ọ̀gì pálọ̀ ní Kubwa. Ó dé inú òkun tán, kò tó 20 ìṣẹ́jú tí apá méjèèjì fi kú, ìgbì wá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ. Ìdìde ló kọ́. Bẹ́ẹ̀, orí ìdùbúlẹ̀ la ti ń mú ìgbì.

Púùlù hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹsẹ̀ ti ń kanlẹ̀ náà ń tan èèyàn jẹ. Bí ẹ ò bá lè lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 200 láìsinmi, láìdi etí púùlù mú, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Okùn tó so pátákó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ lè já, pátákó á sì bá tirẹ̀ lọ.

Pátákó kékeré tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, tí àwọn ọ̀jáfáfá ń gùn, ló máa ń wọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lójú. Kò ní gbé e ró. Èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ fóòmù, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 9, tó fẹ̀, tó sì nípọn, ni kí ẹ yá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn là ń so okùn mọ́. Bí ẹ ò bá mọ èwo ni, ẹ ní kí ẹnìkan rọra tì yín látẹ̀yìn láìròtẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá kọ́kọ́ yọ síwájú ni ti iwájú.

Ibi tí a bá dùbúlẹ̀ sí lórí pátákó ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹni tó sún síwájú jù, bí ìgbì bá ti gbé ìdí pátákó sókè, imú pátákó, ìyẹn ṣóńṣó iwájú rẹ̀, á gúnlẹ̀ sínú omi, onítọ̀hún á sì takìtì. Ẹni tó fà sẹ́yìn jù, imú á nà sókè ọ̀run, pátákó á máa ti omi níwájú bí ọkọ̀ tí wọn ò tú búrèkì rẹ̀. Ibi tó dáa ni ibi tí imú ti yọ lórí omi ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ wo lẹ́tà tàbí àwọ̀ tó wà lábẹ́ àgbọ̀n yín gan-an. Ibẹ̀ ni kí àgbọ̀n máa padà sí. Ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀, ẹ gbé àyà sókè, kí ẹ fi ọwọ́ wa omi jinlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ẹsẹ̀ tó bá là gbàgà ń fa omi sẹ́yìn.

Ẹ má tíì wá ìgbì tí kò tíì fọ́. Inú omi tó mu yín dé ìbàdí, níbi tí ìfóòfó funfun ti ń sáré bọ̀, ló tó. Ẹ kọjú sí etíkun. Tí ìfóòfó bá kù bíi mítà 4, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dáwọ́ dúró ní gbàrà tí ìdí pátákó bá gbéra, ìgbà yẹn gan-an ni ìgbì ń já wọn sílẹ̀. Ẹ tún fi ọwọ́ wà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, kí ẹ sì dìde. Ẹni tó bá di etí pátákó mú á dojú rẹ̀ dé. Ẹ má sì gba orúnkún dìde. Ó máa ń mọ́ni lára, ó sì ṣòro láti jáwọ́. Ojú ò gbọdọ̀ wo ẹsẹ̀, iwájú ni kó wà.

Ẹ má jẹ́ kí pátákó wà láàárín ẹ̀yin àti ìgbì nígbà tí ẹ bá ń wọlé lọ. Eyín ló máa ń gbà. Ẹgbẹ́ yín ni kó wà. Bí ẹ bá ń ṣubú, ẹ má forí sọ omi, torí iyanrìn ò jìnnà. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ sì fi apá bo orí kí ẹ tó yọjú. Ẹni tó bá ti wà lórí ìgbì, ẹ fi ìgbì náà sílẹ̀ fún un. Bí ìṣàn kan bá sì ń fà yín lọ sí agbami, ẹ má bá a jà: ẹ má fi pátákó sílẹ̀, ẹ máa wà á lọ ní gbọọrọ etíkun títí ìṣàn yóò fi já yín sílẹ̀.

Aṣọ ńkọ́? Èyí tó bá fún mọ́ra dáadáa. Ẹni tó bá bọ́ra sílẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú pátákó á ti bó o láyà.

Ní ti ìgbà, àárín ọdún, nígbà òjò, ni ìgbì máa ń le jù níbẹ̀. Ìgbà ọyẹ́, tí eruku ń bo Àbújá, ni òkun ń rọ̀ fún ẹni tó ń kọ́. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn ọmọ Tarkwa léèrè bí omi ṣe rí lọ́jọ́ náà kí ẹ tó kẹ́sẹ̀ bọ̀ ọ́.