Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ ọlọ́kadà lówó tó bá fẹ́ ra ṣéènì tuntun

Ẹni tó bá ń fi máṣìnì gbé kòkó láti oko Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́ mọ ohun tí ojú ṣéènì ń rí. Àpò kòkó kan lé ní 60 kílò, òkè wà lọ́nà, erùpẹ̀ pupa inú oko á lẹ̀ mọ́ óìlì, á sì máa lọ irin díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá ọlọ́kadà wí pé ó ń wá ṣéènì tówó rẹ̀ kò ga. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn ń ra ṣéènì léraléra, kì í sì í ṣe torí pé èyí tí wọ́n rà pọ́ọ́kú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rà á ni kò dáa.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn ra ṣéènì nìkan kó sì gbé e lé sprocket tó ti jẹ, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí, kékeré níwájú, ńlá lẹ́yìn. Bí ṣéènì bá ṣe ń gbó, inú ibi tí píìnì, irin kékeré tó so ojú ṣéènì kan mọ́ èkejì, ti ń yí ló ń jẹ, àlàfo tó wà láàárín píìnì kan sí èkejì á wá máa fẹ̀ sí i. Eyín sprocket náà á jẹ tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé tuntun wá, eyín àtijọ́ kò ní gbà á dáadáa, eyín díẹ̀ ni yóò máa ru gbogbo ẹrù, tuntun náà á sì yára gbó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo eyín yẹn lójúmọmọ. Tó bá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ìkọ́, tí orí rẹ̀ ti di ṣóńṣó, ó ti parí nìyẹn. Tówó ò bá tó ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣéènì àti sprocket méjèèjì, tí eyín ti ẹ̀yìn sì ṣì dúró ire, ẹ ra ṣéènì pẹ̀lú sprocket kékeré tó wà níwájú. Òun ni eyín rẹ̀ kò pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́ jù, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ti ẹ̀yìn bá ti di ìkọ́, ẹ gba àjọ yín, kí ẹ fi ra gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ má kàn dúró níwájú ọlọ́jà kí ẹ ní, “Ẹ fún mi ní ṣéènì Boxer.” Nọ́ńbà ni kí ẹ béèrè. Ó wà lára irin ẹ̀gbẹ́ ṣéènì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ fi àkísà nu ti àtijọ́ kí ẹ tó kà á. Ọ̀pọ̀ máṣìnì 100 sí 150 cc tó ń ná ìgboro Àkúrẹ́ àti Oǹdó ló ń lo 428. Láti àárín píìnì kan sí èkejì lórí 428 jẹ́ mílímítà 12.7. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 420, ìyẹn ló fi ń tan èèyàn jẹ, torí inú 420 há ju ti 428 lọ. 520 ní tiẹ̀ gùn jù, mílímítà 15.875 ni. Bí ẹ bá rí H lẹ́yìn 428, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn sí i. Ẹni tó ń ru ẹrù kò gbọdọ̀ torí ìyàtọ̀ owó díẹ̀ fi í sílẹ̀.

Àwọn kan á na ṣéènì àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi tuntun wọ̀n ọ́n. Èyí tó ti gbó ti gùn sí i. Ká ní ojú 118 ló ní, bó bá ti gùn sí i pẹ̀lú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 30 mílímítà ti wọ̀ ọ́, ìyẹn ju ojú méjì lọ. Ẹ ka ojú rẹ̀ ni, kí ẹ sì ra iye kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì gé ojú kúrò lára ṣéènì tó ti dẹ̀ kí ẹ lè lò ó sí i. Gígé kò lè dá àlàfo tó ti fẹ̀ padà. Ẹ fa ṣéènì náà le, kí ẹ fi téèpù wọn ojú 20 láti àárín píìnì dé àárín píìnì. 428 tuntun á fún yín ní mílímítà 254. Bó bá ti kọjá 259, ẹ yọ ọ́. Bákan náà ni fífi ègé ṣéènì mìíràn lẹ̀ ẹ́, tàbí ríra èyí tí wọ́n tú lára máṣìnì ẹlòmíì. Mi ò rí èrè kankan nínú rẹ̀.

Ẹ má tìtorí àwọ̀ wúrà náwó lórí ṣéènì. Èyí tó ní rọ́bà róbótó láàárín irin dára, ó ń di óìlì mú, ṣùgbọ́n tówó bá há, 428H lásán pẹ̀lú sprocket tuntun sàn ju olówó ńlá lórí eyín tó ti jẹ. Ẹ fọwọ́ yí róólà rẹ̀, àwọn irin róbótó tó ń yí láàárín ojú ṣéènì, ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ yí fàlàlà. Ẹ tún gbé e sọ́wọ́ kan, kí ẹ gbé 428H mìíràn tí ojú wọn pé bákan náà sọ́wọ́ kejì. Èyí tó bá fúyẹ́ jù, ẹ dá a padà.

Bí wọ́n bá ń so ó, ẹ wo lọ́ọ̀kì, irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń di ibi tí orí ṣéènì méjèèjì ti pàdé mú. Ibi tó dí lára rẹ̀ ni kó ṣáájú síbi tí ṣéènì ń sáré lọ, kí ẹnu tó là wà lẹ́yìn. Tí wọ́n bá yí i padà, nǹkan lè gbá a jáde lójú ọ̀nà.

Ẹ má fà á le jù. Ó máa ń ba bíárìn jẹ́. Ibi tó bá ti le jù lára rẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n; ní àárín ìsàlẹ̀, kó lè lọ sókè-sódò tó 20 sí 30 mílímítà, àyàfi tí ìwé máṣìnì yín bá sọ ohun mìíràn. Óìlì gíá ni kí ẹ fi kùn ún. Òkú óìlì tí wọ́n dà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ti kún fún irin lílọ̀. Tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní.