Ẹni tó bá ń wá mọ́tò àlòkù, ẹ gbọ́ o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń wá mọ́tò kí Ojúde Ọba tó dé. Bówó ò bá pọ̀, ẹ má wo ọ̀dà tó ń dán. Lójú tèmi o, Corolla tí ẹnì kan ti lò níbí, tó sì tọ́jú dáadáa, sàn ju tòkunbọ̀ tí omi ti bò rí lọ.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣíná sí i kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àléébù. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó tutù. Bí èéfín rẹ̀ bá ń ṣe bíi búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn. Bí ọ́ìlì bá dà bíi tíì onímílíìkì, omi ti wọnú ẹ́ńjìnnì. Ẹ yáa máa lọ sílé. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá, ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀; bó bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi ti bo mọ́tò náà rí.

Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ńkọ́? Nínú nọ́ńbà ṣáṣí, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára mọ́tò, ẹyọ kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 5 ni 2005, 8 ni 2008, A ni 2010. Dílà lè fi ẹnu pè é ní ohun tó wù ú.

Ẹ wà á kúrò nínú Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí márosẹ̀ Ṣàgámù, kẹ́ ẹ lè gbọ́ bí gíà ṣe ń wọlé. Mẹkáníìkì tiyín ni kẹ́ ẹ mú dání o. Kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ owó táyà àti bátìrì kù sápò.