Bí Onífọ́tò Ṣe Lè Tọ́jú Àwòrán Rẹ̀ Tí Kò Ní Di Ti Ẹlòmíràn

Ní oṣù Èrèlé ọdún kan, mo rí àwòrán tí mo fọwọ́ ara mi yà lára kàlẹ́ńdà tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kan ní Kàbbà. Ìyá ahunṣọ kan láti ilẹ̀ Bùnú ló wà nínú rẹ̀, ó jókòó síwájú òfì, ó na ọwọ́ òsì mú òwú, oòrùn àárọ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó tẹ kàlẹ́ńdà náà ti gé ìsàlẹ̀ àwòrán dànù, níbi tí mo kọ orúkọ mi sí, wọ́n sì fi orúkọ tiwọn rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, ìgbádùn ọjọ́ Sátidé lásán ni fọ́tò yíyà jẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà yìí ló kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé síhìn-ín.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ kọ́kọ́ wo aago inú kámẹ́rà yín. Ọjọ́ àti wákàtí tí aago yìí bá ń kà ni kámẹ́rà yóò kọ sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú irú kámẹ́rà àti lẹ́ńsì tí ẹ lò. Exif ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ náà. Bátìrì tèmi kú pátápátá nígbà kan, aago sì padà sí ọdún 2012 láìjẹ́ pé mo fura, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi oṣù mẹ́ta gbáko ya àwòrán tí ọjọ́ irọ́ wà lára wọn. Àwòrán ìyá ahunṣọ wà lára wọn. Nígbà tí mo fẹ́ fi Exif jẹ́rìí ara mi níwájú akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ohun tó yọ mí ni pé mọ́kànlá ni àwòrán tí mo yà nídìí òfì lọ́jọ́ yẹn. Nínú ọ̀kan, ìyá náà ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí; nínú òmíràn, ewúrẹ́ kan ń kọjá lọ, ó sì dí ìdajì òfì. Ẹni tó mú ọ̀kan nínú mọ́kànlá kò lè mú mẹ́wàá yòókù jáde, nítorí náà ẹ má ṣe tètè pa àwọn tí ẹ rò pé wọn kò dára rẹ́.

Ẹ ṣètò kámẹ́rà kí ó máa pa RAW mọ́ pẹ̀lú JPEG, irú fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tán. RAW ni ohun tí kámẹ́rà rí kí ó tó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́: àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ sábà máa ń ní ìpele 4,096 tàbí 16,384, nígbà tí ti JPEG kò ju 256 lọ. Ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ yìí títí di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí ojú tó ṣókùnkùn lábẹ́ fìlà. Fáìlì RAW tóbi lóòótọ́, ó sì máa ń tètè kún káàdì, àmọ́ ọwọ́ yín nìkan ló máa ń wà bí ẹ kò bá fún ẹnikẹ́ni. JPEG ni ayé ń rí.

Kámẹ́rà a máa rò pé ìmọ́lẹ̀ gbogbo ohun tó wà níwájú òun wà ní ìwọ̀n àárín, bí àwọ̀ eérú. Bí baba kan bá dúró pẹ̀lú agbádá funfun tó kún ojú àwòrán, kámẹ́rà yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù kí agbádá lè dà bí eérú, ojú baba yóò wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ wá bọ́tìnì tó ní àmì + àti −, kí ẹ gbé e lọ sí +1, kí ẹ tún un yà. Òdìkejì èyí ni aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú kà sí ohun iyì: pupa rẹ̀ lè kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú kámẹ́rà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ìyókù ṣì wà ní ìwọ̀n, gbogbo ọnà ara aṣọ náà á sì di pupa kan ṣoṣo tí kò ní ìlà. Ẹ gbé bọ́tìnì yẹn sí −1 fún un, ẹ ó mú ìmọ́lẹ̀ padà nílé láti inú RAW. Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì ní ìta.

Bí ẹ bá délé, ẹ da àwòrán sí ibi méjì kí ẹ tó pa ti inú káàdì rẹ́. Lẹ́yìn èyí ni àtúnṣe kàn. Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ti wà láti ọdún 1990, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n láti ọdún 2013 ni Adobe, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ti sọ ọ́ di ohun tí a ń san owó àsansílẹ̀ lé lórí, n kò sì rí ìdí tí ẹni tó ń fi fọ́tò gbádùn ara rẹ̀ yóò fi máa san án. GIMP, tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, kò gba kọ́bọ̀. Fún RAW, darktable ni mo ń lò, òun náà kò gba owó. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé kì í fọwọ́ kan fáìlì RAW rárá: gbogbo àtúnṣe tí ẹ bá ṣe, inú fáìlì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí, ẹ̀dà JPEG tuntun sì ni yóò gbé jáde fún yín. Ẹ kọ́kọ́ mú àwòrán tọ́, kí ẹ tó kan ìmọ́lẹ̀, kí àwọ̀ wá kẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ètò orí fóònù tó ń dán ojú ènìyàn; mo ti rí èyí tó pa ilà ojú bàbá àgbà kan rẹ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń béèrè ta ni yẹn.

Inú darktable yìí kan náà ni kí ẹ ti kọ orúkọ yín sí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ni àwòrán. Orúkọ tí a kọ sí igun àwòrán, àlùmọ́gàjí ni yóò gé e, bí wọ́n ṣe gé tèmi. Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fọ́tò, yóò fún un kéré, yóò sì yọ Exif kúrò. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúméǹtì.

Ní ti òfin, Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, ka ẹni tó ya àwòrán sí ẹni tó ṣe é, kì í ṣe ẹni tó ni kámẹ́rà. Kò di ìgbà tí ẹ bá forúkọ àwòrán sílẹ̀ kí ẹ̀tọ́ yín tó fìdí múlẹ̀. Bí ẹnì kan bá bẹ̀ yín níṣẹ́ ìgbéyàwó, ẹ̀yin lẹ ṣì ni ẹ̀tọ́ náà àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwòrán tó wà fún ìlò ara ẹni àti ẹbí ni, òfin fún oníìgbéyàwó tó bẹ̀ yín níṣẹ́ láyè láti lò ó láìfi pawó, ó sì fún un lágbára láti dá yín dúró kí ẹ má gbé e síta. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò ni kò mọ apá kejì yìí, wọ́n á sì lẹ àwòrán ìyàwó mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnì kan bá gbé àwòrán yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà pé kí wọ́n yọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni kámẹ́rà lè rí. Ẹ jìnnà sí bárékè àti ibi tí ìjọba fi òfin dáàbò bò. Bí eégún bá jáde, ẹ lọ bá àwọn àgbààgbà àdúgbò kí ẹ tó yọ kámẹ́rà nínú báàgì. Ní ti ènìyàn, ẹ béèrè, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi àwòrán ṣe. Èyí ni mo kùnà lé lórí. Nígbà tí mo mú kàlẹ́ńdà náà lọ fún ìyá ahunṣọ, ó wò ó títí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti tà mí ni?” N kò tà á, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un rí pé mo gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook, níbi tí wọ́n ti mú un. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbé ìwé kékeré kiri tí mo ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí sí.

Ẹgbẹ́ náà san owó díẹ̀ lẹ́yìn tí akọ̀wé wọn rí gbogbo mọ́kànlá lórí láptọ́ọ̀pù mi, mo sì pín in sí méjì, mo gbé ìdajì fún ìyá. Ó ní kí n tẹ àwòrán kan fún òun náà. Mo rò pé ti kàlẹ́ńdà ni yóò mú, ṣùgbọ́n èyí tí ewúrẹ́ dí ìdajì òfì ló nàka sí. Ó ní ewúrẹ́ náà ti kú.