Bí mo ṣe wa ọkọ̀ ojú omi fún odindi ọjọ́ kan ní Giethoorn

Kò sí ohun pàtàkì kan láti sọ nípa ọkọ̀ ojú irin tó gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti Amsterdam lọ sí Steenwijk, tàbí nípa bọ́ọ̀sì tó gbé wa láti ibẹ̀ dé Giethoorn, abúlé orí omi kan ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Etí omi ni ìròyìn mi ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí màmá kan tó ń fi ọkọ̀ háyà ti fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ láìbéèrè ìwé ìwakọ̀ kankan. Mo kọ́kọ́ rò pé ó gbàgbé ni. Àṣé òfin ilẹ̀ Nẹ́dálándì kò béèrè ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà 15, tí kò sì lè sáré ju kìlómítà 20 lọ ní wákàtí kan. Bátìrì ni tiwa ń lò, kò sì pariwo rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní fluisterboot, ìyẹn ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọ̀pá ìtọ́kọ̀ wà lẹ́yìn níbi tí mo jókòó sí. Bí ènìyàn bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, òsì ni yóò ti ọ̀pá náà sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá náà sọ ọ́, mo sì dáhùn pé mo ti gbọ́. Nígbà tí a dé abẹ́ afárá kejì, tí ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ níwájú, ọ̀tún ni mo ti ọ̀pá sí, ni a bá lọ kọlu pákó tí wọ́n fi gbá etí omi.

Ẹ̀gbọ́n mi di abọ́ ìrẹsì wa mú. Ó ní, “Àbúrò mi, ṣé ilé onílé lo fẹ́ wa ọkọ̀ wọ̀ ni?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi.”

Àṣìṣe mi kejì ló burú jù, nítorí pé ẹ̀rù mú kí n pa iná ọkọ̀ láàárín kọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ̀rọ náà bá ti dákẹ́, ọ̀pá kò ní agbára lórí ọkọ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ló sì ń darí rẹ̀. Ohun tó yẹ ni pé kí ènìyàn dín ìrìn kù kó tó dé kọ̀rọ̀, kó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fà díẹ̀díẹ̀, kó sì yí i sẹ́yìn bí ó bá fẹ́ dúró, nítorí ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú mi tó kúrò lórí ọ̀pá, tí mo lè wo ìlú.

Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ẹrẹ̀, tí wọ́n ń sá a gbẹ láti fi dáná, ni wọ́n la àwọn ipadò wọ̀nyí kí wọ́n lè fi ọkọ̀ kó ẹrù wọn. Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù ni wọ́n kọ́lé sí, ọ̀pọ̀ ilé sì wà lórí erékùṣù kékeré tó ní afárá tirẹ̀. Afárá tó wà níbẹ̀ lé ní 170. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò nígbà náà ni punter, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn tì, bí àwọn ọlọ́kọ̀ Mákòókò ṣe ń ṣe títí di òní.

Ipadò náà gbé wa jáde sí adágún Bovenwijde, tí omi rẹ̀ kò jìn rárá, níbi tí a ti pa ẹ̀rọ, tí a sì jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bí gbogbo omi yìí ṣe débẹ̀. Gbígbẹ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Àgbẹ́jù ló kó bá Beulake, abúlé kan nítòsí, nítorí pé ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ìjì àti ìkún-omi ọdún 1775 àti 1776 gbá a lọ. Ìrẹsì mi ti tutù kí n tó sọ ọ́ tán.

Nígbà tí a padà dé, màmá náà wo ibi tí ọkọ̀ ti ha, ó wò mí, ó sì fi ọwọ́ júwe òsì.