Bí mo ṣe fi rọ́bà bíríkìlà wọn ibi tí omi lè dé lóko ìrẹsì wa

Bàbá onílẹ̀ nawọ́ sí etí odò. "Ẹ wo bí bèbè yẹn ṣe ga tó. Omi ò lè ti ibẹ̀ gòkè wá bá yín." Ọmọ Koton-Karfe, nítòsí Lọ́kọ́jà, ni Bàbá, ṣùgbọ́n ó ti ta ẹja n'Ílọrin rí, Yorùbá rẹ̀ já geere. Òótọ́ ló sì sọ, bèbè náà ga jù mí lọ.

Gwagwaládà ni mò ń gbé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ háyà hẹ́kítà méjì lẹ́bàá Odò Ọya, ká fi gbin ìrẹsì, ká sì kọ́ àká síbẹ̀. Àmọ́ mo wà lára àwọn tí omi dá dúró lójú títì Abuja sí Lọ́kọ́jà ní oṣù kẹwàá 2022. Ẹni tó sùn sínú mọ́tò nítorí omi kì í tètè gba ọ̀rọ̀ bèbè gbọ́.

Mo kọ́kọ́ wo ìwé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé tí NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ omi odò, máa ń gbé jáde lọ́dọọdún. Ìwé náà wúlò, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ àti ìlú ló ń dárúkọ. Kò lè sọ fún mi bóyá igun tí mo fẹ́ kọ́ àká sí yóò rì. Mo bá pe bọ̀dá bíríkìlà kan, ọmọ Kàbà, pé kí wọ́n gbé rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ìdọ́gba ilẹ̀ dání. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò tíì mọlé fún odò rí.

Oṣù kẹta la lọ, nígbà tí odò ti fà. Àpá omi la kọ́kọ́ wá. Ilé búlọ́ọ̀kù kan wà láàárín oko, àwọn tó ni ín ti kó kúrò. Ìlà ẹrẹ̀ méjì ló wà lára ògiri rẹ̀. Ìyá àgbà kan, ará Ọ̀wọ́rọ̀, tó ń yan ẹja nítòsí, ló túmọ̀ wọn fún wa: "Tìsàlẹ̀ yẹn, ti 2012 ni. Tòkè ni ti 2022, òun ló gbé àká mi lọ." Tòkè yẹn dé àyà mi. Ó bá ìwọ̀n odò ní Lọ́kọ́jà mu: omi kọjá mítà 12 níbẹ̀ ní 2012, ó kọjá mítà 13 ní 2022.

Mo ní, "Màmá, ibo lomi máa ń gbà wọlé?"

Wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀nà odò. "Ẹ̀yìn ni, ọmọ mi. Omi kì í kan ilẹ̀kùn iwájú."

A bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Rọ́bà náà gùn tó mítà 20, èèyàn sì lè rí omi inú rẹ̀. Ẹ rọ omi sí i, kó ku díẹ̀ kó kún, kí ẹ gbé orí rẹ̀ méjèèjì sókè. Omi yóò dọ́gba lápá méjèèjì, bó ti wù kí ilẹ̀ àárín wọn rí. Mo di orí kan mú síbi ìlà 2022 lára ògiri. Bọ̀dá gbé ìkejì síwájú, wọ́n ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbi tí omi dúró sí. A tún bẹ̀rẹ̀ látorí igi yẹn lọ sórí òmíràn. Àyè tó wà láàárín ìlà ṣọ́ọ̀kì àti ilẹ̀ ni bí omi ṣe jìn tó níbẹ̀ lọ́dún náà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ìṣirò wa ń sọ pé omi orí ibi gíga jìn ju ti inú kòtò lọ. Afẹ́fẹ́ ló há sínú rọ́bà, roboto bí ẹyin aláǹgbá. Èmi náà sì ti ń fi àtàǹpàkò dí orí tó wà lọ́wọ́ mi, kómi má baà dànù. Bọ̀dá wò mí: "Ẹ̀ ń fún un lọ́rùn, báwo ló ṣe máa sọ̀rọ̀?" A da omi nù, a tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, a sì wọ̀n ọ́n padà dé ara ògiri láti yẹ ara wa wò. Ìka kan péré ló fi yàtọ̀.

Ibi tí Bàbá nawọ́ sí ló ga jù lóko náà. Omi 2022 ò ju orúnkún lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kúrò létí odò, bẹ́ẹ̀ nilẹ̀ ń rẹlẹ̀. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn, létí odò kékeré kan, ìlà ṣọ́ọ̀kì ti kọjá orí mi. Nígbàkígbà tí odò bá kún bo bèbè, etí ibẹ̀ ló ń da iyanrìn tó wúwo sí, ohun tó sọ bèbè di gíga nìyẹn. Ẹnu odò kékeré yẹn ló ṣí sílẹ̀ ní tirẹ̀, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé kí bèbè tó rí nǹkan kan.

Dáàmù Lagdo, tí Kamẹrúùnù kọ́ tán ní 1982, ni gbogbo èèyàn ń dá lẹ́bi níbẹ̀. Mo rò pé kò kàn wá, nítorí orí Bẹ́núé ló wà, oko wa sì wà lórí Ọya, lókè ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Bọ̀dá ló là mí lóye: bí Bẹ́núé bá kún dé Lọ́kọ́jà, omi Ọya ò ní ríbi kọjá, yóò máa wú padà sọ́dọ̀ wa, bíi mọ́tò nínú gosiló.

A ò kọ́ àká sábẹ́ igi tí Bàbá ti kọ́kọ́ fi hàn wá mọ́, a mú un wá síbi gíga, ṣùgbọ́n a jìnnà sétí bèbè nítorí odò ń jẹ ẹ́. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga dé ìbàdí. Ìrẹsì FARO 44 tó ń tètè gbó la pinnu láti gbìn sẹ́yìn, ká lè kórè kí oṣù kẹsàn-án tó parí. A fi igi kan tí a kùn ní pupa sílẹ̀ lẹ́nu odò kékeré, ọmọ-ọmọ Màmá ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé ìdajì owó la máa san lórí ilẹ̀ ẹ̀yìn, mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n kàn ń wo orí igi tó kẹ́yìn. Bọ̀dá ti ń ká rọ́bà.

"Ẹ má tíì ká a," Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ká dé ibi tí mo kó àpò ìrẹsì tèmi sí."