Ẹ fẹ́ ẹ kó dún: eré ìdárayá èémí kí ọ̀fun má baà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀

"Bàbá, ẹ wúkọ́ kí n gbọ́."

Ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin tó ń rí sí gbígbé oúnjẹ mì kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìtànṣán fún jẹjẹrẹ ìdí ahọ́n. Mo wúkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tí ẹ fi ń jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ẹ ti dé nìyẹn, Bàbá. Èyí tó lè lé omi kúrò lọ́nà èémí ni mò ń bèèrè." Ó wá gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fi ẹnu fẹ́ lé mi lọ́wọ́, kí ikọ́ mi lè lágbára.

Tí a bá ń gbé nǹkan mì, gògóńgò gbọ́dọ̀ sún sókè kí ọ̀nà èémí sì pa dé. Ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ lè mú kí àwọn iṣan tó yí ibẹ̀ ká le gbagidi. Gògóńgò ò wá ní sún dáadáa mọ́, omi á máa yọ́ wọ ọ̀nà èémí. Tí ikọ́ ò bá lágbára láti lé e jáde, ó lè di òtútù àyà. Ìdí tí a fi ń fẹ́ ẹ̀rọ yìí ni pé iṣan ikùn àti àyà tó ń ti ikọ́ jáde ń ṣiṣẹ́, àwọn tó wà lábẹ́ àgbọ̀n tó ń fa gògóńgò sókè náà sì ń bá wọn ṣe é.

Ẹ̀rọ náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Sípíríǹgì kan ló di ìdérí rẹ̀ mú. Tí agbára èémí ẹni ò bá tó ohun tí wọ́n wọ̀n fún un, ìdérí ò ní ṣí rárá.

Ẹ jókòó, kí ẹ̀yìn yín nà, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ẹ fi kílíìpù dí imú. Ẹ fa èémí títí àyà á fi kún, ẹ fi ẹnu ẹ̀rọ sẹ́yìn eyín, kí ẹ pa ètè mọ́ ọn pinpin. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì mọ́ra, kí ẹ wá fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, kíá, tagbáratagbára. Tí ẹ bá ti gbọ́ "fúù", ó ti tó. Kì í ṣe fèrè tí èèyàn ń fọn lọ.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ló kó mi síṣòro. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ bàlúù, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí lálẹ́, tí ìdérí ò sì ṣí tó bó ṣe yẹ. Ọmọbìnrin náà gbé ìka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi: "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í wúkọ́, Bàbá."

Márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan. Ìgbà márùn-ún bẹ́ẹ̀, ó di 25 lóòjọ́. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ mí díẹ̀ láàárín fífẹ́ kan sí èkejì kí òòyì má kọ́ yín.

Ẹ má fúnra yín yí bọ́tìnnì tó ń mú sípíríǹgì rẹ̀ le sí i. Wọ́n máa ń wọn agbára èémí yín tó pọ̀ jù, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ sí nǹkan bí 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí agbára bá ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n á máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Èmi fúnra mi yí i, nítorí pé nọ́ńbà tó ga lára rẹ̀ wù mí. Òòyì kọ́ mi, mo di tábìlì mú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí wọn ò tíì rí i kápá, tó lóyún, tó ní ìpá, tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ìtànṣán ni ìyà dé. Ẹnu mi bó, itọ́ gbẹ, ètè ò fẹ́ pa mọ́ ẹ̀rọ. Mo ń lo oògùn ìrora ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, mo ń fi omi pa ètè, wọ́n sì dẹ sípíríǹgì fún mi. Ọjọ́ mìíràn, mẹ́wàá péré ni mo fẹ́. Ọmọbìnrin náà ní kò burú, kí n má ṣáà pa á tì. Bákan náà ló ní kí n máa fi ṣíbí bu omi díẹ̀díẹ̀ gbé mì, kí iṣan má jókòó lásán.

Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má yá ẹnikẹ́ni lò.

Tí ohùn yín bá ń dún bíi pé omi wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ mu nǹkan, tí ó ń ta yín lórí lemọ́lemọ́, tàbí ibà mú yín, ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú yín lọ́jọ́ náà gan-an. Omi tàbí oúnjẹ lè yọ́ wọ ọ̀nà èémí láìsí ikọ́ kankan o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya fọ́tò inú ọ̀fun bí èèyàn ṣe ń gbé nǹkan mì.

Ìtànṣán tèmi ti parí, àmọ́ líle iṣan lè dé lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi mí sí báyìí. Inú kọ́ọ̀bù tí búrọ́ọ̀ṣì mi wà ni mo kó ẹ̀rọ náà sí. Bí mo bá ti fọ eyín tán, mo ti rí i.