Bí A Ṣe Ń Bójú Tó Ẹ́ńjìnnì Bọ́ọ̀sì Volkswagen Àtijọ́ Tí Ó Ń Yọni Lẹ́nu

Bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí a tẹ́ ibùsùn sí nínú, tí a sì gbé sítóòfù àti kẹ́ẹ̀gì omi sí kí ẹbí lè máa rìnrìn àjò kí wọ́n sì máa sùn sínú rẹ̀, ń ru ẹrù tí ó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí ènìyàn kò ti lè kúrò ní Ìbarà kí ó dé Aké láìgun òkè, ẹrù yẹn máa ń tètè hàn lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì 1600 tí kò ní rédíétọ̀ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Bí ti yín bá jẹ́ èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ń lo omi, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ nípa ooru yìí kò kàn yín.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé atẹ́gùn àti ọ́ìlì nìkan ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó ń yí dáínámò tí ń fún bátìrì ní iná, ọ̀pá dáínámò yẹn kan náà ni ó sì ń yí fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà, nígbà tí iná pupa bátìrì bá tàn lójú ẹ bí ẹ ṣe ń wa ọkọ̀ lọ, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì lásán ni. Ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti já, kí fáànù sì ti dúró. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ lọ wo ẹ̀yìn.

Mo ti fi owó ara mi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Láti Ìbàdàn ni mo ti ń bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti kọjá Ọ̀dẹ̀dá nígbà tí iná náà tàn, mo sì sọ fún ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn, kí n kúkú gbé e délé. Kí n tó wọ Ọbáńtokò ni ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tí ń mi ìṣó nínú agolo, agbára rẹ̀ sì tán pátápátá. Bàbá mẹkáníìkì tí ó tú u fi ọwọ́ kan sílíńdà kẹta, ó ní, “Ọmọ mi, atẹ́gùn ni omi tí ẹ́ńjìnnì yìí ń mu. Láti ìgbà tí bẹ́líìtì ti já ni òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́.” Kò yà á lẹ́nu pé sílíńdà kẹta ni ó kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí pé nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí ó ṣáájú ọdún 1971, ibi tí wọ́n fi ohun tí ń tu ọ́ìlì lára sí máa ń dí atẹ́gùn tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Pípààrọ̀ bẹ́líìtì kò ju iṣẹ́ ìdajì wákàtí lọ, mo sì gba gbogbo ẹni tí ó ní irú ọkọ̀ yìí níyànjú pé kí ó kọ́ ọ nílé kí ó tó di dandan lójú títì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù. Ẹ ki súkúrúdíráfà tí ó le bọ ojú ihò tí ó wà létí púlì dáínámò, kí púlì má baà yí, kí ẹ sì fi sípánà 21 tú nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀. Púlì yẹn yóò pín sí méjì, ẹ ó sì rí àwọn wọ́ṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín rẹ̀. Àwọn wọ́ṣà wọ̀nyí ni a fi ń mọ bí bẹ́líìtì yóò ti le tó: bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò láàárín, bẹ́líìtì yóò le sí i, bí ẹ bá fi kún un, yóò dẹ̀. Ẹ má ṣe ju èyí tí ẹ bá yọ nù. Ẹ tò ó sí ìta lábẹ́ nọ́ọ̀tì, kí ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn lè rí i. Nígbà tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì ní àárín. Ó yẹ kí ó wọlé tó mílímítà 15 tàbí kí ó dín díẹ̀. Èyí tí ó le jù yóò ba bẹ́árìn dáínámò jẹ́, èyí tí ó dẹ̀ jù yóò máa yọ̀. Bẹ́líìtì tuntun máa ń gùn díẹ̀, nítorí náà ẹ tún un wò lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́.

Bí bẹ́líìtì bá wà níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń gbóná jù, ẹ wo rọ́bà tí ó yí ẹ́ńjìnnì ká àti àwọn páànù tí ó bò ó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń tún ọkọ̀ yìí ṣe máa ń yọ wọ́n sọnù pé wọn kò wúlò, ó sì ń dùn mí gan-an, nítorí pé rọ́bà yẹn ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbígbóná tí ó ti jáde nísàlẹ̀ tún padà sókè sínú fáànù. Ẹ má ṣe fi àkísà sílẹ̀ nítòsí fáànù pẹ̀lú, torí yóò fà á wọlé. Bí ẹ bá sì ń gun òkè, ẹ tètè bọ́ sí jíà kẹta tàbí ìkejì dípò kí ẹ máa tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ nínú jíà kẹrin, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára yí ni fáànù ṣe ń yára fẹ́ ẹ.

Ọkọ̀ tí kíkì rẹ̀ ń yí ṣùgbọ́n tí kò ṣíná, ọ̀nà méjì ni a fi ń wá ìdí rẹ̀: iná àti epo. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kan, kí ẹ fi wáyà rẹ̀ padà sórí rẹ̀, kí ẹ fi irin rẹ̀ lé ara ẹ́ńjìnnì níbi tí epo kò sí, kí ẹnìkejì sì ṣí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá tanná, ẹ ṣí ìdérí dìsìtìríbútọ̀, ohun tí ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wo kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tí ń ṣí tí ń padé nínú rẹ̀, bóyá ó ti jó dúdú tàbí ó ti sún mọ́ra. Àlàfo rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ mílímítà 0.4. Bí iná bá wà, ẹ wo bóyá epo ń dé kábúrétọ̀. Epo tí ó ti pẹ́ nínú táńkì ọkọ̀ tí a kì í sábà gbé jáde máa ń fa ìdọ̀tí àti omi wọlé. Bí kíkì kò bá sì yí rárá nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, ṣùgbọ́n tí ó yí lẹ́yìn tí ó tutù, wáyà gígùn tí ó ti ibi kọ́kọ́rọ́ wá sẹ́yìn ni kò gbé iná tó; rìwáyà lè fi rìlé kan, ohun kékeré tí ń ti bátìrì gbé iná lọ tààrà sí kíkì, sí i.

Rọ́bà epo ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fojú kéré. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tí ẹ gbóòórùn epo bẹntiróòlù, kí gbogbo ẹbí jáde, kí ẹ pa sítóòfù, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣíná títí ẹ ó fi rí ibi tí ó ti ń jò. Ara ẹ́ńjìnnì yìí ní irin tí à ń pè ní magnesium nínú, tí omi kò lè pa iná rẹ̀ bí ó bá gbiná. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà tí ó bá ti sán, kí ẹ sì gbé ohun èlò panápaná oníyẹ̀fun sí ibi tí ọwọ́ lè tètè tó o.

Nípa fáàfù, àwọn ìlẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí tí ń padé lórí sílíńdà, ariwo díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rù. Èyí tí ó yẹ kí ó bà yín lẹ́rù ni ti fáàfù tí ó ti ń dún tẹ́lẹ̀ tí ó wá dákẹ́, nítorí pé fáàfù tí kò padé dáadáa yóò jó. Òwúrọ̀ kùtù, kí a tó ṣíná, ni a ń wọn àlàfo rẹ̀, mílímítà 0.15 sì ni. Ẹ yí púlì ńlá ìsàlẹ̀ títí ọwọ́ inú dìsìtìríbútọ̀ yóò fi kọjú sí àmì sílíńdà kìíní, kí àmì ara púlì sì wà ní ọ̀gangan ibi tí ara ẹ́ńjìnnì ti pàdé ara wọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe fáàfù méjèèjì sílíńdà yẹn, ẹ yí púlì sẹ́yìn sí ọwọ́ òsì ní ìdajì, ẹ ó bọ́ sí sílíńdà kejì, lẹ́yìn náà ìkẹta, àti ìkẹrin.

Ní òwúrọ̀ yẹn kan náà ni kí ẹ wo ọ́ìlì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, èyí tí kò pọ̀ ládùúgbò wa. Bí ọkọ̀ bá dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, irọ́ ni ọ̀pá ọ́ìlì yóò pa fún yín. Lítà 2.5 péré ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà, kò sì ní fílítà bí ti ọkọ̀ ìsinsìnyí, àsẹ́ lásán ni ó ní. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní bíi kìlómítà 5,000, tí a sì ń fọ àsẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí iṣẹ́ bá ju èyí lọ, ẹ wá bàbá tí ó ti tún ọkọ̀ ìjàpá ṣe rí, nítorí pé irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni, wọ́n sì ti to ọkọ̀ ìjàpá ní Èkó rí, ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó sọ pé òun fẹ́ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò fún un, bóyá iná wà, bóyá epo ń dé, iye tí ẹ bá lára fáàfù. Ohun èlò tí ẹ kò bá rí nílùú, ẹ lè rí i ní ọjà Ladipọ ní Mushin, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti bàjẹ́ ni kí ẹ mú dání lọ, kí ẹ fi wé tuntun náà lójú ẹni tí ń tà á kí ẹ tó sanwó.